Ta Ló Tẹ Windhoek Dó?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ bá tó ohun tí a ń torí rẹ̀ wo ilé, ìlú tí àwọn ènìyàn ti gbé, tí wọ́n ti bímọ sí, tí wọ́n sì ti sin òkú wọn sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan bàbá fún irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ilé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo fi èyí ṣe ìfáárà fún. Curt von François ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìdílé ọlọ́lá kékeré kan ni ní ilẹ̀ Jámánì. Ó di jagunjagun, láti ibẹ̀ ó di alákòóso ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé òun ni ó tẹ Windhoek, olú-ìlú Nàmíbíà, dó. Èmi sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé, bí Windhoek tilẹ̀ jìnnà sí wa.

Nínú kíláàsì ìtúmọ̀ èdè ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àyọkà kúkúrú kan lédè Gẹ̀ẹ́sì nípa àwọn olú-ìlú ilẹ̀ Áfíríkà, mo ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Iṣẹ́ tí kò le ni mo pè é. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ń dà mí láàmú. Àyọkà yìí sọ pé von François ló tẹ Windhoek dó ní ọdún 1890. Nígbà tí mo kà á síwájú díẹ̀, ó tún sọ pé Jonker Afrikaner àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1840. Ta ni kí n kọ pé ó tẹ̀ ẹ́ dó nínú àwọn méjèèjì, sà?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó wà nínú ìbéèrè náà ju èyí tí mo lè dáhùn kí àkókò tó lọ. Mo ní kí ó fi àlàfo sílẹ̀ níbẹ̀, pé èmi náà yóò lọ wá ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ohun tí mo rí ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin onímọ̀ èdè ni ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe da ara yín láàmú." Ó wá ka ohun mẹ́ta fún mi. Èkíní, ó ní ahoro ni von François bá níbẹ̀, òun ni ó sọ ahoro di ìlú. Èkejì, ó ní a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ̀kẹta, ó ní àwọn tí ó gbé ère ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ ní Windhoek ní ọdún 2022 ń pa ìtàn rẹ́ ni. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ ọ́, àwọn olóṣèlú ń sọ ọ́, àwa pàápàá sì ń sọ irú rẹ̀ nípa àwọn òyìnbó tí ó ṣe ìjọba lé wa lórí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹjọ́ ènìyàn, ó yẹ kí a mọ ẹni tí í ṣe.

Ìlú Luxembourg ni wọ́n bí Curt von François sí, ní ọjọ́ 2, oṣù kẹwàá, ọdún 1852. "Von" tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ ni àmì pé ọmọ ọlọ́lá ni láàárín àwọn ará Jámánì. "François" tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe orúkọ Jámánì rárá. Orúkọ Faransé ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára àwọn Huguenot, àwọn Kristẹni ilẹ̀ Faransé tí wọn kò sí nínú ìjọ Páádì, tí inúnibíni lé kúrò nílé, tí wọ́n sì rí ibi forí pamọ́ sí ní ilẹ̀ Jámánì. Kí òǹkàwé mi fi èyí sọ́kàn. Àlejò ni wọ́n. Wọ́n rí ibùgbé, wọ́n rí ipò ọlá, ẹnikẹ́ni kò sì gba orúkọ baba wọn lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ogun ni ìdílé náà fi gba iyì. Bruno, baba Curt, jẹ́ ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Prussia. Ojú ogun Spicheren ni ó kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1870, nígbà tí Prussia ń bá Faransé jà. Ẹ wo ayé bí ó ti rí: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti ilẹ̀ Faransé wá ni àwọn Faransé pa lójú ogun. Hermann, àbúrò Curt, di ọ̀gágun tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Curt náà wọ iṣẹ́ ológun bí baba rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ogun Faransé parí ní ọdún 1871, ìbọn dákẹ́ láàárín àwọn ìjọba ńlá Yúróòpù. Ọmọ ogun tí ó bá ń wá òkìkí ní láti máa wá a níbòmíràn, Áfíríkà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjú sí. Láti ọdún 1883 títí di ọdún 1885, von François wà lára àwọn tí ó bá Hermann Wissmann rìn ní agbègbè odò Kasai ní Kóńgò, nínú iṣẹ́ tí Leopold Kejì, ọba Bẹ́líjíọ̀mù, rán wọn. Ní ọdún 1885 kan náà, ó bá George Grenfell, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sórí odò Lulonga àti odò Tshuapa. Ó kọ ìwé lórí ìrìn-àjò náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1888. Ní ọdún 1888 yìí náà, ìjọba Jámánì rán an wọ inú ilẹ̀ Tógò, tí wọ́n ti sọ di tiwọn láti ọdún 1884. Ó gba Salaga, ọjà obì tí ó lókìkí, ó dé Gambaga, ó sì rìn títí ó fi súnmọ́ ilẹ̀ àwọn Mossi. N kò ní fi ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ dù ú. Akíkanjú ni, ara rẹ̀ le, ó sì mọ bí a ti ń wọn ilẹ̀ tí a fi ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó dé tí kò bá ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ni ó fi ọ̀nà hàn án, àwọn ni ó fún un lóúnjẹ, àwọn ni ó sọ orúkọ odò àti òkè fún un kí ó tó kọ wọ́n sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ jù lọ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1889. Ní ọdún tí ó ṣáájú, Maharero, olórí àwọn Herero, ti sọ fún Heinrich Göring, aṣojú ìjọba Jámánì, pé òun kò fẹ́ àdéhùn ààbò tí òun bá Jámánì ṣe mọ́. Göring sá lọ sí Walvis Bay, èbúté tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Jámánì kò fẹ́ náwó púpọ̀, kò sì fẹ́ kí ojú ti òun. Wọ́n rán von François pẹ̀lú nǹkan bí ọmọ ogun 20. Ní oṣù kẹfà ọdún 1889, wọ́n gúnlẹ̀ sí Walvis Bay, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó wá ṣe ìwádìí ni àwọn. Irọ́ ni wọ́n fi wọlé. Lẹ́yìn èyí wọ́n kọ́ odi kékeré kan sí Tsaobis, wọ́n dí ọ̀nà tí ìbọn àti ẹ̀tù ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Herero, wọ́n sì ń ṣọ́ àyè. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1890, Maharero kú. Kí ọ̀fọ̀ tó tán nílẹ̀ àwọn Herero ni von François àti ọmọ ogun 32 ti forí lé Windhoek. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n fi ìpìlẹ̀ odi ológun kan lélẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ yìí ni àwọn ìwé ń pè ní ọjọ́ ìbí ìlú.

Ǹjẹ́ ahoro ni wọ́n bá níbẹ̀ bí ọ̀rẹ́ mi ti wí? Apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ jóòótọ́. Ogun Nama àti Herero tí ó tún ru ní ọdún 1880 ti tú ibùdó náà ká, ilé sì ti wó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ahoro náà ní ìtàn ara rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1840 ni Jonker Afrikaner, olórí àwọn Orlam, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá síbẹ̀ nítorí ìsun omi gbígbóná tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n fi òkúta kọ́ ilé ìjọsìn. Wọ́n la ọ̀nà gba orí òkè Auas kọjá kí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gbà á. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Jámánì méjì, Hahn àti Kleinschmidt, dé ibẹ̀ ní ọdún 1842, ìlú tí ó ń gbèrú ni wọ́n bá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1844, Jonker fi orúkọ Windhoek sínú lẹ́tà kan tí ó kọ. Ọdún 46 ni èyí fi ṣáájú odi von François. Orúkọ gan-an tí wọ́n ní ó tẹ̀ dó, ó bá a níbẹ̀ ni.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Nínú èdè Yorùbá, a kì í ṣi "tẹ̀dó" lò. Ẹni tí ó tẹ ìlú dó ni ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di ilé, tí àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń bá níbẹ̀, tí wọ́n sì ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ogun gba ìlú, a ní ó gbà á. Ẹni tí ó tún ahoro kọ́, a ní ó tún un kọ́. Ẹni tí ó sọ abúlé di ìlú ńlá, a ní ó sọ ọ́ di ńlá. Àpẹẹrẹ kan wà nílé tí ó bá ọ̀ràn yìí mu. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ wọ Ìbàdàn, ibùdó Ẹ̀gbá tí ogun ti lé àwọn onílé rẹ̀ lọ. Wọ́n fi ṣe bùdó, bùdó sì di ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. A ń pe Ìbàdàn ní ilé Olúyọ̀lé nítorí iṣẹ́ tí akọni náà ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá béèrè ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, Lágelú ni a ń dá lóhùn. Àwọn jagunjagun ọdún 1829 kò ṣe ohun kékeré, wọ́n sì fi agbára ṣe é pẹ̀lú, ṣùgbọ́n a kò gba orúkọ olùtẹ̀dó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín kí a tó yìn wọ́n. Kí ló dé tí ohun tí a kò gbà fún Olúyọ̀lé yóò fi tọ́ sí von François?

Ọ̀rẹ́ mi ní bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, Jonker náà kì í ṣe onílẹ̀. Òótọ́ ni. Ìhà gúúsù ni Jonker ti wá, láti ilẹ̀ Cape, pẹ̀lú ẹṣin àti ìbọn, ó sì fi ìyà jẹ àwọn Damara àti àwọn Herero tí ó bá lágbègbè náà. N kò wá pe Jonker ní ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ran von François lọ́wọ́. Ó tún tì í sẹ́yìn sí i ni. /Ai-//Gams ni àwọn tí ń sọ èdè Nama àti Damara ń pe ibẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń tọ́ka sí ni omi gbígbóná tí ó ń sun jáde nílẹ̀. Otjomuise ni àwọn Herero ń pè é, ìyẹn ibi tí ooru omi ti ń rú bí èéfín. Orúkọ ni ẹ̀rí. Ẹni tí kò gbé ibì kan rí, tí kò da ẹran débẹ̀, tí kò bu omi ibẹ̀ mu, kì í fún un lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a gbọ́dọ̀ wò ni "ààbò". Ní oṣù kẹfà ọdún 1892, von François lọ bá Hendrik Witbooi, olórí àwọn Nama kan, ní Hornkranz, ó ní kí ó wá sábẹ́ ààbò Jámánì. Witbooi mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà; ó máa ń pa ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀ mọ́, ó sì kọ ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ sílẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ wà nínú àkójọ ìrántí àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005. Ìbéèrè tí ó bi àlejò rẹ̀ rọrùn: kí ni ààbò, ta ni a ó sì dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ṣàlàyé pé olórí tí ó bá ti wà lábẹ́ ààbò ẹlòmíràn kò tún jẹ́ olórí mọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1890, ó ti kọ̀wé sí Maharero, ó kìlọ̀ fún un pé yóò kábàámọ̀ ilẹ̀ tí ó fi lé àwọn Jámánì lọ́wọ́. Oṣù tí ó ṣáájú ìpàdé Hornkranz, oṣù karùn-ún ọdún 1892, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn. Àwọn baba wa náà ti gbọ́ nípa ààbò àti ọ̀rẹ́ nígbà náà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ Windhoek kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí wa.

Witbooi kọ̀, kò tọwọ́ bọ ìwé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ó bá àwọn Herero parí ìjà. Ìlàjà yìí ni ó ba von François lẹ́rù, nítorí ìjà àwọn méjèèjì ni agbára rẹ̀ dúró lé. Nígbà tí ọmọ ogun tí ó lé ní 200 dé bá a láti Jámánì ní ọdún 1893, ó yí Hornkranz ká ní ìdájí ọjọ́ 12, oṣù kẹrin. Kò kéde ogun. Oorun ni àwọn ará abúlé náà ń sùn. Láàárín ìṣẹ́jú 30, wọ́n yin nǹkan bí ọta ìbọn 16,000. Witbooi àti ọ̀pọ̀ àwọn jagunjagun rẹ̀ bọ́ lọ. Àwọn tí kò lè sáré ni ọta ìbọn bá. Witbooi kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Walvis Bay, ó ka òkú fún wọn: ọkùnrin 10, obìnrin àti ọmọdé 75. Wọ́n dáná sun abúlé náà. Wọ́n kó àwọn obìnrin tí ó kù lẹ́rú ogun lọ sí Windhoek. Ìlú tí wọ́n ní von François bí ni wọ́n kó àwọn obìnrin wọ̀nyí lọ láti lọ sìn.

Nígbà tí mo débí yìí ni ọ̀rẹ́ mi ní kí n má fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ẹni àtijọ́. Mo bi í pé: òṣùwọ̀n ta ni a ń pè ní ti ìgbà náà? Ṣé Witbooi kò gbé ayé ní ọdún 1893 ni? Ṣé àwọn obìnrin Hornkranz kò gbé ayé ní ọdún 1893? Àwọn tí wọ́n yìnbọn fún mọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an pé ìwà ìkà ni. Witbooi sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní Jámánì pàápàá, àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí ó ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òye ìgbà náà ni kí a fi dá ẹjọ́, tí kò sì ka èrò àwọn ọmọ Áfíríkà mọ́ òye ìgbà náà, ti dá ẹjọ́ kí ó tó jókòó. Bí Yorùbá bá ní ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò lè gbàgbé, wọn kò ní kí a máa bi ẹni tí ó ṣu nìkan léèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

Ogun tí ó fi ìkà bẹ̀rẹ̀ kò bọ́ sí i. Ó lépa Witbooi fún oṣù púpọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 1894, Theodor Leutwein gba ipò rẹ̀, von François sì padà sílé. Ó kọ ìwé ìtàn nípa ìjọba Jámánì níbẹ̀, ìwé náà jáde ní ọdún 1899. Ó kú ní Königs Wusterhausen nítòsí Berlin, ní oṣù kejìlá ọdún 1931. Òdodo ni pé kì í ṣe òun ni ó pa àwọn Herero àti Nama run láàárín ọdún 1904 sí 1908, ohun tí ìjọba Jámánì fẹnu ara rẹ̀ pè ní ìpakúpa ìran ní ọdún 2021. Ó ti kúrò níbẹ̀ kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Òdodo tún ni pé Witbooi bá Leutwein ṣe àdéhùn ní ọdún 1894, tí àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì ran Jámánì lọ́wọ́ títí kan ìbẹ̀rẹ̀ ogun Herero, kí ó tó kọjú ìjà sí wọn ní oṣù kẹwàá ọdún 1904. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kú sójú ogun. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn onírẹsì-funfun dáhùn irọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí von François fi lélẹ̀ ní Hornkranz, pé a lè yìnbọn fún abúlé tí ó ń sùn kí a sì pè é ní ogun, kò bá a padà sí Jámánì.

Ọ̀rọ̀ ère ni ó kù. Ọ̀rẹ́ mi rò pé àwọn ará àtijọ́ ni ó gbé e kalẹ̀ láti fi rántí ẹni wọn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà. Jámánì ti pàdánù ilẹ̀ náà láti ọdún 1915. Gúúsù Áfíríkà tí ó ń ṣe ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó wà níbẹ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Hennie Potgieter, ni ó sì gbẹ́ ère náà. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Windhoek nígbà náà? Wọ́n ń kó àwọn ènìyàn dúdú kúrò ní àdúgbò wọn tí wọ́n ń pè ní Old Location. Nígbà tí àwọn ènìyàn náà kọ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá, ọdún 1959, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, ó kéré tán ènìyàn 11 kú. Ibi tí wọ́n lé wọn lọ ni àwọn fúnra wọn sọ ní Katutura, ibi tí a kò fẹ́ gbé. Ọdún 1968 ni wọ́n tó ti Old Location pa pátápátá. Láàárín ìlélọ yìí gan-an ni wọ́n gbé ère ẹni tí ó "tẹ ìlú dó" síwájú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú. Ohun tí ère náà ń wí kò ṣòro láti gbọ́: òyìnbó ló ni ìlú yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yin ni àlejò, ẹ máa lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni wọ́n fi gba ilé lọ́wọ́ onílé.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ère náà sọ̀kalẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 2022, tí wọ́n sì fi í sí ìkáwọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, n kò rí ìtàn kankan tí wọ́n pa rẹ́. Odi ológun tí ó kọ́ ṣì wà. Ìwé rẹ̀ wà. Ère náà pàápàá wà. Ohun tí ó kúrò ni ìyìn. Ẹni tí ìtàn bá jẹ lọ́kàn, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ pa ìtàn rẹ́: ṣé àwọn ará ọdún 2022 ni, àbí àwọn ará ọdún 1965 tí ó pa 1840 rẹ́, tí ó pa /Ai-//Gams rẹ́, tí ó pa Hornkranz rẹ́? Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó yọ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbé ère kúrò tí a sì fi "òun ló tẹ̀ ẹ́ dó" sílẹ̀ nínú ìwé àwọn ọmọ wa, a gé igi, a fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Èmi náà jẹ nínú gbòǹgbò yẹn. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wa máa ń bi wá pé ta ni ó ṣàwárí odò Ọya, gbogbo wa a sì pariwo pé Mungo Park. Ẹni tí ó bá dákẹ́ jẹ pàṣán. Lọ́jọ́ kan mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi àgbà, ó ní, "Kí orúkọ rẹ̀ tó di Ọya, ta ló sọ ọ́?" Mo rò pé àìmọ̀wé ni ó ń da mama láàmú. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nígbà tí Park dé etí odò náà ní Ségou ní ọdún 1796, ìlú ńlá ni ó bá níbẹ̀, tí ọkọ̀ ń gbé èrò sọdá. Ẹ̀rí tí mama ní kí n wò náà ni mo padà wá rí ní Windhoek: orúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé sí Yorùbá fún ilé-ìwé àti ilé iṣẹ́ ìròyìn, èdè wa kò tòṣì. Ó ní "dé", ó ní "gbà", ó ní "kọ́ odi sí", ó ní "jọba lé lórí". Bí a bá fi gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀ tí a lọ mú "ṣàwárí" àti "tẹ̀dó", kì í ṣe èdè ni ó fi wá sílẹ̀. Àwa ni a kò wo ilé.

Mo mú gbólóhùn tèmi padà lọ sí kíláàsì. Báyìí ni mo kọ ọ́ sí ojú pátákó: "Ní ọdún 1890, Curt von François, ọmọ ogun Jámánì, kọ́ odi ológun sí Windhoek, ó sì sọ ìlú náà di ibùjókòó ìjọba àmúnisìn." Kò bú u, kò yìn ín, ohun tí ó ṣe ni ó wí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mi náà tún nawọ́ sókè, ó ní, "Ó dára, sà. Ṣùgbọ́n ẹ kò tíì sọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó." Mo ní kí ó lọ bi àwọn tí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ibẹ̀ gbóná.